Agbọ́tí Kì í Sùn: Ọ̀rọ̀ Lórí Fọ́díkà àti Omi Ọsàn Nínú Ilé Wa

Ẹni tí ó bá ti Ojúẹlẹ́gba bọ̀, tí ó kọjú sí Yábá, tí ó sì gba iwájú ọjà Tẹ́júoṣó kọjá ní ìgbà ọsàn, kò ní ṣàìrí àwọn ìyá tí wọ́n jókòó ti àtẹ létí títì, tí abẹ ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, tí ọsàn ń yí lọ́wọ́ òsì, tí èèpo aláwọ̀ ewé sì ń já bọ́ sílẹ̀ ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gé títí tí yóò fi kan ìdí ọsàn, tí ara rẹ̀ yóò wá kù funfun báláú. Wọn a bẹ́ ẹ lórí, oníbàárà a fi ẹnu lé e, a fún un mu, a tu kóró rẹ̀ dànù, a sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Iná jó ọjà yìí ní ọdún 2007. Wọ́n tún un kọ́ ní ilé alájà, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2014. Ṣùgbọ́n bí àjà ti wù kí ó ga tó, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àtẹ ọsàn ṣì wà, láàárín ariwo danfó àti ìpolówó ọjà, níbi tí ọmọ Èkó Akéte, Èkó ilé ọgbọ́n, ti ń ra ohun tí yóò fi tu ọ̀fun.

Láyé òde òní, kì í ṣe gbogbo ọsàn tí ó ti ibẹ̀ wọlé ni a ń fẹnu fà mu. Òmíràn wà tí ń bá àlejò pàdé ní pálọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, nínú ife gígùn, pẹ̀lú yìnyín, pẹ̀lú ègé ọ̀pẹ̀ òyìnbó létí ife, àti pẹ̀lú fọ́díkà nísàlẹ̀, tí ojú kò rí, tí imú kò gbóòórùn, tí ahọ́n pàápàá kò tètè mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti kọ́ bí a ti ń pò ó, àwọn àgbà kan sì ti ń na ọwọ́ gbà á lọ́wọ́ wọn. Èmi kò jókòó láti fi ọtí bú ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni n kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní í sọ, òun náà sì ni pé ẹni tí ó bá po ọtí fún ẹlòmíràn mu ti di agbọ́tí, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ẹrù agbọ́tí sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi yẹ kí a máa po ọtí aládùn yìí pọ̀ sínú abọ́ ńlá tàbí kúlà fún ogunlọ́gọ̀, bí kò ṣe kí a máa pò ó ní ife kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òṣùwọ̀n, lójú ẹni tí yóò mu ún.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ọtí kì í ṣe ohun tí a ń gbé sílẹ̀ láàárín agbo kí olúkúlùkù máa bù ú bí ó ti wù ú. Níbi tí akèǹgbè ẹmu bá wà, agbọ́tí ń bẹ níbẹ̀. Òun ni ó mọ àgbà tí a kọ́kọ́ ń gbé igbá fún. Òun ni ó ń tọ́ ọ wò ṣáájú, kí ọkàn gbogbo ènìyàn lè balẹ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀. Òun kan náà ni ó sì ń fi ojú ṣọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń wọ́, tí ó ń mọ ọgbọ́n dá láti fò ó kọjá nígbà tí igbá bá tún yí ká. Ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé Ọbàtálá, Òrìṣà Ńlá, alábàláṣẹ, tí Olódùmarè rán láti wá dá ilẹ̀ ayé, pàdé ẹmu lọ́nà, ó mu ún yó, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Láti ọjọ́ náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún àwọn olùsìn rẹ̀ títí di òní olónìí. Ẹ̀kọ́ tí èmi rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé kò sí agbọ́tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrìṣà ní ọjọ́ náà: òun ni ó ń bù, òun ni ó ń mu, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Bí irú èyí bá lè bá òrìṣà, kí ni ti ọmọ aráyé tí ń gbé ní Ìtìrẹ́?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé àṣà àjèjì ni kí a máa po ọtí mọ́ èso. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n kọjá ààlà ni a ń fi ṣe àgàdàgídí, àgbàdo ni a ń fi ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Páráàgà tí a ń tà ní gáréèjì láti Mushin títí dé Ọ̀yìngbò, kí ni bí kò ṣe ọtí líle tí a rẹ ewé, egbò àti èèpo igi sí? Ìyá tí ó to ìgò páráàgà síwájú lórí bẹ́ǹṣì mọ èyí tí ó pè ní ti jẹ̀dí, ó mọ èyí tí ó pè ní ti ẹ̀yìn ríro, ó sì ń fi ife kékeré kan náà wọn ọ́n fún gbogbo ènìyàn láti òwúrọ̀ di alẹ́. N kò gbà pé oògùn ni gbogbo ohun tí ó ń pè ní oògùn. Àléébù rẹ̀ tí ó burú jù ni pé awakọ̀ ni ó ń tà á fún. Ṣùgbọ́n ní ti òṣùwọ̀n, ó fi ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń po ọtí ní pálọ̀ sílẹ̀ jìnnà, nítorí pé àwọn wọ̀nyí a máa da fọ́díkà láti ẹnu ìgò ní tààràtà, wọn a máa fi ojú wọn ọ́n, ojú náà a sì máa rẹ̀ sílẹ̀ bí alẹ́ ti ń lẹ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú ìgò náà gan-an. Ilẹ̀ Rọ́ṣíà àti ilẹ̀ Pólàńdì ni a ti mọ fọ́díkà mọ́ láti ìgbà pípẹ́; ọkà tàbí ànàmọ́ òyìnbó ni wọ́n ń jẹ́ kí ó kan, tí wọ́n ń sè, tí wọ́n sì ń gba ooru rẹ̀ di omi, títí tí kò fi ní í ku àwọ̀, tí òórùn rẹ̀ kò sì ní í tó nǹkan. Àìlóòórùn yìí ni ẹwà rẹ̀, òun kan náà sì ni ewu rẹ̀. Ògógóró a kéde ara rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹmu a máa hó, a sì máa kan. Fọ́díkà ní tirẹ̀ a wọ inú omi ọsàn lọ, a fara pamọ́ síbẹ̀, ọsàn a sì máa jẹ́rìí fún un. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n sọ ìpopọ̀ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká; ìwé ìròyìn Time ti mẹ́nu bà á ní ọdún 1949 pé ó jẹ́ ohun tuntun tí wọ́n ń mu ní ilé ìtura kan ní ilẹ̀ Tọ́kì. Láti ìgbà náà ni ó ti ń rìn kiri ayé, adùn rẹ̀ sì ni ìwé ìrìnnà rẹ̀.

Fọ́díkà tí ó wọ́pọ̀ lórí àtẹ ní ògidì ọtí 40 nínú 100. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Ìgò bíà ńlá kan tí ó gba sẹ̀ńtílítà 60, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100, ní ògidì ọtí mílílítà 30 nínú. Ìgò fọ́díkà kan tí ó gba sẹ̀ńtílítà 75 ní mílílítà 300. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí ọkùnrin mẹ́ta bá fi omi ọsàn mu ìgò fọ́díkà kan tán ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìgò bíà ńlá mẹ́wàá ni wọ́n gbé mì. Bẹ́ẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ìgò bíà mẹ́wàá òfìfo ni ó dúró lórí tábìlì níwájú wọn, ojú ìbá ti wọn, ìyàwó ilé ìbá ti pariwo, ọ̀kan nínú wọn ìbá sì ti rántí pé òun ní ilé. Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Ọtí ọsàn ti yí òwe àwọn àgbà padà, nítorí pé adùn rẹ̀ ni ó ń síwájú, ìkorò rẹ̀ a sì jókòó dè ọ́ títí dìgbà tí o bá fẹ́ dìde.

Ọ̀rọ̀ ọsàn ni ó kàn, ibẹ̀ sì ni ayọ̀ wà. Àwọn tí ó bá ti ìlú òyìnbó dé a máa bi wá léèrè pé èéṣe tí ọsàn wa fi tutù lára tí a sì ń pè é ní pípọ́n. Ìdáhùn rẹ̀ kò le: òtútù òru ni ó ń lé àwọ̀ ewé kúrò lára èèpo ọsàn ní ilẹ̀ wọn, òru tiwa kò tutù tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọsàn wa a pọ́n nínú, a dùn bí ó ti yẹ, èèpo rẹ̀ a sì wà bí ó ti wà. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń bá ọkọ̀ akẹ́rù wọ Èkó láti ìpínlẹ̀ Bẹ́núé, àwọn mìíràn ń ti oko ilẹ̀ Yorùbá wá. Kódà, ẹ̀yà ọsàn kan tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIHORT tí ó ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1975 ń tọ́jú, Agége ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tí ó ní irú ọsàn báyìí lẹ́nu ọ̀nà, tí ó wá ń sáré lọ ra èyí tí ó wà nínú páálí, tí wọ́n ti fi ṣúgà àti omi là, kò ṣe ara rẹ̀ lóore.

Bí a óò bá rà á, ẹ gbé e lọ́wọ́ wò: èyí tí ó wúwo ju bí ó ti tóbi lọ, tí èèpo rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, ni omi pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí a kò tíì bó ni kí ẹ rà, nítorí èyí tí wọ́n ti bó sílẹ̀ ti gba eruku títì. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i mọ́ orí tábìlì díẹ̀ kí ó rọ̀, ẹ là á sí méjì ní ìdábùú, kí ẹ sì fún un sórí asẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fún un dé egungun, torí pé ara funfun àti kóró rẹ̀ ni ìkorò ń gbé. Omi ọsàn tí a fún ní òwúrọ̀ kì í ní adùn kan náà mọ́ nígbà tí ó bá di alẹ́, nítorí náà ìgbà tí àlejò bá ti jókòó ni kí a fún un. Omi tí ẹnu lè mu ni kí a fi ṣe yìnyín. Yìnyín tí wọ́n ń fọ́ fún àwọn ẹlẹ́ja kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe nínú ife ènìyàn.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn agbọ́tí àgbáyé, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1951, fi fọ́díkà mílílítà 50 sí omi ọsàn mílílítà 100 nínú ìlànà wọn. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ooru Tẹ́júoṣó ni wọ́n ti kọ ìlànà náà. Níhìn-ín, òùngbẹ ni ó ń mu ọtí pẹ̀lú wa. Ẹni tí ooru mú kì í fi ẹnu tọ́ nǹkan tútù wò, gbígbé ni ó ń gbé e mì. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, tí í ṣe mílílítà 45, ti tó fún ife kan, kí omi ọsàn inú rẹ̀ sì tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yìnyín ni kí ó kọ́kọ́ wọ ife, kí fọ́díkà tẹ̀ lé e, kí omi ọsàn sì gbẹ̀yìn, kí a fi ṣíbí rò ó lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí èso pọ̀ sí i lè fún omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó díẹ̀ mọ́ ọn, kí ó kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí adùn má baà sunni, kí ó rin atalẹ̀ kí ó sì sẹ́ ẹ, tàbí kí ó da omi ìsápá tútù sí i, kí ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí ó ti ń bọ̀ láti ìdí ife. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àgbálùmọ̀ bá dé, ara rẹ̀ tí a gún tí a sì sẹ́ a máa mú un kan díẹ̀ ní ọ̀nà tí ó wu ọ̀fun. Ewé efinrin kan tí a fi ọwọ́ pa lórí ife ti tó fún òórùn dídùn. Ṣúgà ni n kò fẹ́ rí níbẹ̀ rárá, nítorí ọsàn tí ó pọ́n kò tọrọ rẹ̀, ọtí tí ó bá sì ti dùn jù kò ní ẹnu láti kìlọ̀ fún ẹni tí ń mu ún.

Mo padà sí ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé, èyíinì ni abọ́ ńlá. Ní ìsọmọlórúkọ, ní ọjọ́ ìbí, ní ìpàdé ẹgbẹ́, a ti rí i tí wọ́n ń da ìgò fọ́díkà mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú kúlà, tí wọ́n da omi ọsàn lé e, tí wọ́n gé èso wẹ́wẹ́ sí i, tí wọ́n fi ìgbakọ kan há a lẹ́nu, tí wọ́n sì ní kí àwọn ènìyàn máa bù. Nígbà tí ọwọ́ bá ti kúrò lórí ìgò báyìí, kò sí ẹni tí ó mọ iye tí ó wà nínú ife òun mọ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé bu omi ọsàn, ẹni tí ó kẹ́yìn kó ègé ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ó ti mu fọ́díkà yó jẹ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí òùngbẹ ń gbẹ rí ohun tí ó jọ omi ọsàn, ó jọ ọ́ ní tòótọ́, ó ń rùn bí i rẹ̀, ó sì dùn bí i rẹ̀. Aboyún gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ẹni tí ó ń lo oògùn dókítà gbé ife kejì. Awakọ̀ tí yóò kó ìdílé mẹ́ta padà sí Ìkòròdú ní òun kò mu ọtí, jùúsì ni òun mu, kò sì purọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí ni a ó sọ nígbà náà fún àgbà tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò ó sínú kúlà, tí ó sì lọ jó?

Ẹnìkan lè sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín dára fún ilé tí ó ní àlejò mẹ́rin, kí ni ẹni tí ó pe igba ènìyàn yóò ṣe?” Èsì rẹ̀ rọrùn. Omi ọsàn àti èso ni kí ó wà nínú kúlà, kí ọmọdé àti àgbà máa bù ú ní fàlàlà. Kí fọ́díkà sì wà nínú ìgò rẹ̀, lọ́wọ́ ẹnìkan tàbí ẹni méjì tí ojú wọn dá, tí wọn kò ní í mu nínú rẹ̀ ní ọjọ́ náà, tí wọ́n ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò lọ bá wọn, yóò sọ ọ́ lẹ́nu, wọn yóò sì wọn ọ́n fún un lójú rẹ̀. Ìrìn ẹsẹ̀ mẹ́wàá yẹn àti ojú agbọ́tí nìkan ti tó láti dín ọtí kù ju ìwàásù wákàtí kan lọ.

Ẹlòmíràn lè bínú sí mi láti apá kejì, kí ó ní èéṣe tí mo fi ń kọ́ ènìyàn ní bí a ti ń po ọtí dípò kí n sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ pátápátá. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni náà, nítorí pé ìjà tí ó ń jà ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Nígbà tí jíìnì òyìnbó ń ya wọ Èkó láyé ìjọba amúnisìn, tí owó ibodè orí rẹ̀ sì jẹ́ apá púpọ̀ nínú owó tí ìjọba fi ń ṣe iṣẹ́, Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo títí tí a fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde ní ọdún 1909. Àwọn òyìnbó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Brussels ní ọdún 1890, wọ́n tún fọwọ́ sí òmíràn ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1919, láti dín ọtí líle kù ní Áfíríkà. Ìjọba kan náà sì fi òfin de ògógóró tí a ń sè lábẹ́lé. Ṣé ògógóró parẹ́? Inú ẹrẹ̀ àti etí odò ni ó sá lọ, níbi tí ojú kò tó o, tí kò sì sí ẹni tí ó lè sọ èyí tí ó mọ́ àti èyí tí kò mọ́.

Ohun tí àìmọ̀ yìí lè fà, a ti fi ojú rí i. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ènìyàn tí ó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ṣókùnkùn, wọn kò sì mọ ara wọn mọ́. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, tí kò jìnnà sí Tẹ́júoṣó yìí rárá, àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, ìbátan burúkú tí ọtí ní, tí ó jọ ọ́ ní àwọ̀, tí ó sì ń fọ́ ojú, tí ó ń pani. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers láìpẹ́ sí i, ìjọba àpapọ̀ sì kéde òfin lórí ògógóró ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń po ọtí nílé ni pé ìgò tí ìdérí rẹ̀ ti ṣí, tí kò ní nọ́ńbà àjọ NAFDAC tí ń ṣàbójútó oúnjẹ àti oògùn, tí ẹni tí ń tà á sì ń fi owó pọ́ọ́kú bẹ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ wọ ilé rẹ. Kò sí ọsàn tí ó lè wo mẹ́tánọ́ọ̀lù sàn. Bíbò ni yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ti ọtí inú ọ̀rá, n kò fi ọ̀rọ̀ mi pamọ́: inú mi dùn sí bí NAFDAC àti àwọn tí ń pọn ọtí ti jọ fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2018 pé kí ó kásẹ̀ nílẹ̀, inú mi kò sì dùn nígbà tí ìfòfindè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024, tí ariwo dé ilé aṣòfin, tí wọ́n sì tún sún ọjọ́ síwájú. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ni ọtí tí kò ní agbọ́tí: ọmọ iléèwé lè fi í há abẹ́ ìwé, awakọ̀ lè fi eyín ya á lórí ìdúró, kò sí ẹni tí ó bù ú fún un, kò sí ẹni tí ó rí i. Ọtí, asọ ojo di akin lóru, asọ akin di ẹlẹ́yà ní òwúrọ̀, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ènìyàn máa dá nìkan bá pàdé ní kọ̀rọ̀.

Kí a má sì gbàgbé pé ilẹ̀ Yorùbá kún fún Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì tí ẹ̀sìn wọn kọ ọtí, àti fún àwọn mìíràn tí kò wù láti mu ún, tí wọn kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Agbọ́tí tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa fún wọn ní ife tí ó lẹ́wà gẹ́gẹ́ bí ti àwọn yòókù, yìnyín kan náà, ègé ọsàn kan náà, láìsí ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. A tilẹ̀ ní Chapman, tí ìtàn sọ pé Samuel Alamutu, agbọ́tí ní Ikoyi Club níbí l'Ékòó, ni ó kọ́kọ́ pò ó fún òyìnbó kan tí ń jẹ́ orúkọ náà. Ọmọ wa ni ó ṣe é, ó sì ti di ti gbogbo Nàìjíríà. Kí ẹ sáà rántí pé ọtí wà nínú bítà tí wọ́n ń kán sí i, nítorí náà ẹ yọ ọ́ kúrò fún ẹni tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún. Kí omi tútù sì ṣáájú ohun gbogbo, nítorí pé omi ni a kọ́kọ́ ń fún àlejò, ẹni tí ó bá sì da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

N kò pe òṣùwọ̀n tí mo là sílẹ̀ yìí ní ìlera. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n ọtí kan tí a lè pè ní aláìléwu. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá mu ún rí kò ní ìdí láti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Yábá ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1907, ìrìn díẹ̀ ni sí ọjà tí a ti ń ra ọsàn. Àwọn tí ọtí ti di bárakú fún wà lára àwọn tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ohun tí òṣùwọ̀n ń ṣe kò ju pé ó ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ibi tí ó dé, kí ó lè dúró níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ óò pe àlejò ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ra ọsàn yín ní Tẹ́júoṣó, ẹ fún un ní tútù, ẹ má po fọ́díkà mọ́ ọn sínú kúlà. Ẹ fi ìgò sí ọwọ́ ẹni tí kò ní í mu, ẹ fi ṣíbí ìjẹun tì í, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti mu, kí ẹ sì gbé ìgò náà sí orí àjà tí ọwọ́ ọmọdé kò tó kí ẹ tó lọ sùn.